Iyùn Tí Ebi Ń Pa

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí mi. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ onípákó tó tutù bí omi àmù yìí, mo kí yín. Mo kí Bàbá mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má fi ikọ́ yẹn ṣeré, kí wọ́n máa wọ súwẹ́tà lọ sóko láàárọ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Lúkúmọ̀ọ́nù àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí Wàsíù àbúrò mi, torí mo mọ̀ pé òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Wàsíù, má fo ìlà kankan o, títí kan ibi tí mo ti dárúkọ rẹ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò pè yín lórí fóònù, tí mo fi lọ kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn, níbi tí ẹni tó mọ̀ wá àti ẹni tí kò mọ̀ wá yóò ti kà á. Gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ mi jẹ́, gbangba náà ni mo fẹ́ ti tún un ṣe. Láti ìgbà tí mo ti gbé àwòrán kan sórí wásáàpù, tí Àǹtí Ràfátù àbúrò yín sì ti rí i, ni ọ̀rọ̀ ti ń ràn kiri Imasayi bí iná inú ọyẹ́. Wọ́n ní Sìkírátù ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ní mo gbé òrìṣà omi kan sínú àpótí gíláàsì, mo sì ń fi ẹran bọ ọ́ nírọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Alfa wa. Ẹ pè mí, ẹ ń sunkún, ẹ ní ṣé òtútù ló mú mi gbàgbé Ẹni tó dá mi.

Màmá, ọjọ́ yẹn dùn mí dé egungun. N kò bú ẹni tó ń bọ omi. Àwọn kan nínú bàbá ńlá wa bọ ọ́, àwọn ọmọ wọn ṣì wà láàárín wa, a jọ ń jẹ, a jọ ń mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Iyùn ni mò ń tọ́jú. Ebi ló ń pa á, mo sì fún un lóúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ilé alájà mẹ́ta ni mò ń gbé ní Montreal, ní Kánádà níbí, yàrá mi sì wà lókè pátápátá. Ilé ìtura ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ìfọṣọ. Aṣọ ibùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀ láti àárọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ooru ẹ̀rọ ń sè wá nínú ilé, yìnyín ń dúró dè wá lóde. Ẹ ti ní kí n ṣàpèjúwe yìnyín fún yín rí, mo sì ní ó dà bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n dànù láti ojú ọ̀run. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ló máa wá ran òwú náà. Mo parọ́ díẹ̀, Màmá. Òwú máa ń mú ara móoru. Ti ibí yìí, inú bàtà ló ń gbà wọ eegun ẹni.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, ìdákẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ju òtútù lọ. Nílé wa, ẹni tó bá sín, ẹnu mẹ́ta ló máa kí i. Níbí, mo lè ti ibi iṣẹ́ wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé yóò fi mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pe orúkọ mi nínú ilé náà ni Bàbá Jẹrá. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n dàgbà ju Bàbá wa lọ, iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó wọn ti kú, wọn kò sì bímọ. Mọsiọ́, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á, mo fi Bàbá sí i.

Faransé ni wọ́n ń sọ níbí. Inú ọjà ni mo ti kọ́ tèmi, lẹ́nu àwọn oníbàárà yín tí wọ́n ń ti Kétu lódìkejì ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, gba Ìmẹ̀kọ wá ra gaàrí. Bàbá Jẹrá ní Faransé mi ń dún bíi ti ẹni tó ń ná ọjà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọlọ́jà ni mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Nínú pálọ̀ wọn ni àpótí ẹja náà wà. Gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, ó gùn tó àga gbọọrọ tí Bàbá máa ń fẹ̀yìn lé níwájú ilé. Omi inú rẹ̀ ní iyọ̀ bíi ti òkun. Ẹja kéékèèké aláwọ̀ mèremère ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, edé ńlá pupa kan náà wà níbẹ̀, àti àwọn nǹkan kan tí mo pè ní òdòdó. Bàbá Jẹrá ní kì í ṣe òdòdó, wọ́n sì pe orúkọ kan ní Faransé. Nígbà tí mo wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù mi, iyùn ló jáde.

Ẹnu yà mí, Màmá. Iyùn tí mo mọ̀ ni èyí tí ìyàwó ń fi sọ́rùn, tí ọba ń wọ̀ tí ọrùn wọn fi ń wúwo, tí ẹ̀yin náà ní ẹyọ mélòó kan tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín. Mo ti rò pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á bíi góòlù. N kò mọ̀ pé ẹ̀dá abẹ̀mí ló ń kọ́ ọ nínú òkun, bí ìgbín ṣe ń kọ́ karawun rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ rọ̀, egungun rẹ̀ ni òkúta. Tó bá kú, ẹran a jẹrà, òkúta a ṣẹ́ kù. Èyí tó wà nínú àpótí Bàbá Jẹrá kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn kò gbádùn. Òkè ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ jù. Ó tóbi tó ìkúùkù méjì, ihò róbótó-róbótó sì kún ara rẹ̀. Ẹran tó bò ó pọ́n bí epo tuntun, ṣùgbọ́n ó ti ń ká kúrò lára rẹ̀, egungun funfun ti ń yọ láàárín ihò kan sí èkejì, bí ìhà ewúrẹ́ tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Gbogbo ihò náà pa dé. Bàbá Jẹrá sọ fún mi pé ìyàwó àwọn ló rà á nítorí àwọ̀ rẹ̀, pé nígbà tó wà láyé, iyùn náà dára bí ojú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tó ti kú ló ti ń rù. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí yìnyín di dígí lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, Bàbá Jẹrá yọ̀ ṣubú, itan wọn sì kán. Bí wọ́n ṣe ń gbé wọn sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, kọ́kọ́rọ́ ilé ni Bàbá Jẹrá ń wá nínú àpò kóòtù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa fún ẹja lóúnjẹ láàárọ̀, díẹ̀ ni o, kí omi má baà bàjẹ́.

Ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé láti fún ẹja lóúnjẹ láàárọ̀ nítorí pé mo ti pẹ́. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo kírun màgàríbì, mo sì sáré sọ̀kalẹ̀. Iná àpótí náà máa ń kú fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó sì ti kú. Mo da oúnjẹ sínú omi bẹ́ẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi láti wò bóyá gbogbo ẹja ló jáde wá jẹ. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà kan òkúta tó ń kú lọ yìí, mo kígbe. Ó ti là! Kì í ṣe gbogbo ihò, díẹ̀ nínú wọn ni. Àwọn ìka tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè yọ yí ihò náà ká, wọ́n nà sínú omi, wọ́n ń wá nǹkan. Oúnjẹ kan ń kọjá lọ, ìka kan gbá a mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ àárín. Ẹnu ni, Màmá. Gbogbo ihò yẹn, ẹnu ni.

Kò tíì gbé e mì tí edé pupa yẹn fi yọ lẹ́yìn òkúta. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu náà, ó yọ oúnjẹ jáde, ó gbé e lọ. Mo bú edé náà lédè Yorùbá, irú èébú tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi.

Mo ya àwòrán iyùn náà. Àwòrán yẹn gan-an ni Àǹtí Ràfátù rí. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo gbé e lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ẹja òkun tí èèyàn ń sìn nínú ilé. Ọmọ ilẹ̀ Vietnam kan ló ni ín, Madamu Họ́à, ẹgbẹ́ mi ni. Ó wo àwòrán náà, ó ní ṣé ọ̀sán ló máa ń pa dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé egungun ti ń yọ láàárín ẹnu. Mo ní ó ti yọ. Ó ní kí la wá ń fún un jẹ. Mo ní iná. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó sì pa ẹnu dé.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní púpọ̀ nínú iyùn ló ní ewéko tíntìntín nínú ẹran ara wọn, tó kéré tí ojú kò lè rí i. Ewéko náà ló ń fi ìmọ́lẹ̀ dáná, iyùn a sì jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná sí wọn lórí. Ṣùgbọ́n irú èyí kò ní ẹni tó ń dáná fún un nínú. Abẹ́ àpáta ló ń gbé nínú òkun, níbi tó ṣókùnkùn, ohun tí omi bá gbé kọjá ló ń mú jẹ. Iyùn oòrùn ni wọ́n ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò ṣe nǹkan kan fún un. Mo ní à ṣé orúkọ ló tan Bàbá Jẹrá jẹ. Ó ní orúkọ náà ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, ó ti tan òun náà jẹ rí. Ó ní kò jọ pé àìsàn wà lára rẹ̀. Ebi ni.

Bó ṣe dárúkọ ebi, Wàsíù ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bí i tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé, tí kò lè fa ọmú. Àwọn ìyá àdúgbò wá, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí ẹ fi ọkàn balẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ dì í mọ́ àyà, ẹ ń fún ọmú sínú ife, ẹ ń fi ṣíbí kékeré kán an sí i lẹ́nu. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo di fìtílà mú. Ẹ ní ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá ṣì ń là kò tíì kọ ayé. Wàsíù tó ń ka lẹ́tà yìí, tó ń gbé àpò ẹ̀gẹ́ lórí bí ẹni gbé fìlà, ṣíbí ni wọ́n fi dá ọ dúró.

Mo lọ bá Bàbá Jẹrá ní ilé ìwòsàn. Mo gbé ọbẹ̀ ẹran dání, nítorí wọ́n ní oúnjẹ ibẹ̀ kò dùn. Mo rọra sọ ohun tí mo rí àti ohun tí Madamu Họ́à wí. Ojú wọn le. Wọ́n ní àwọn ti ń sin ẹja kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní bí iyùn náà bá ti dé ojú ikú, kí n yọ ọ́ dà nù, kó má baà jẹrà sínú omi kó pa àwọn tó kù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè títí ẹ ó fi padà wálé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí omi bá bàjẹ́, tí ẹja kan ṣoṣo bá kú, kí n fi kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Mo gbà. Màmá, nínú gbogbo ìlú ńlá yìí, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tí mo lè kàn láìjẹ́ àlejò ni ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń ṣí.

Mo gbé iyùn náà kúrò lábẹ́ iná, mo gbé e sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ òjìji òkúta ńlá kan. Madamu Họ́à ta edé wẹ́wẹ́ tó dì bí yìnyín fún mi, mo ń yọ́ wọn nínú ife omi iyọ̀. Tí mo bá fẹ́ bọ́ ọ, mo máa ń pa ẹ̀rọ tó ń ru omi, kí omi dúró jẹ́ẹ́. Màá kọ́kọ́ da omi edé díẹ̀ sí i lára kó gbóòórùn oúnjẹ. Màá wá dúró. Ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í là, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí àwọn ọmọ tí wọ́n ń jí lórí ẹní. Mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu ṣìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, òun ni mo fi ń gbé edé kọ̀ọ̀kan sí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Nítorí olè pupa yẹn, mo gé ìdí ike omi kan, mo fi dé iyùn náà bí ẹ ṣe máa ń fi apẹ̀rẹ̀ dé òròmọdìẹ nítorí àṣá, mo sì ń gba ọrùn ike bọ́ ọ. Edé ń rìn yí ike po, kò rí nǹkan kan mú. Mo ní, ọ̀gbẹ́ni, ó tán.

Àárín ìgbà yẹn ni ẹ pè mí nítorí ọ̀rọ̀ òrìṣà. Mo ní Màmá, òkúta kan tó ń jẹun ni. Ẹ ní ṣé ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo ní ẹ gbọ́ mi. Ẹ ní ẹgbẹ́ mi ń fún ọmọ lóúnjẹ, èmi ń fún òkúta. Ẹ ní ṣé òkúta náà ló máa wá tọrọ mi lọ́wọ́ Bàbá ni. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ṣàlàyé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, owó orí káàdì yín sì tán.

Àwọn ẹnu kan kò là rárá. Àánú wọn ṣe mí, mo ń da edé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo ní bóyá wọ́n á jí jẹ ẹ́. Wọn kò jẹ ẹ́. Ó ń jẹrà síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣílẹ̀kùn, òórùn kan pàdé mi. Omi ti funfun bí omi ògì. Gbogbo ẹja ti gòkè, wọ́n ń yọ ẹnu síta, wọ́n ń mí gúlegúle. Wọ́n ti ti ìsọ̀ Madamu Họ́à. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè pè àfi ẹni tó ni wọ́n.

Mo pe Bàbá Jẹrá. Mo ti ń wá àpòòwé tí màá fi kọ́kọ́rọ́ sí láti fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbé fóònù. Wọn kò bú mi. Ohùn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n yí ojú ẹ̀rọ tó ń ru omi sókè kó máa da afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ omi. Wọ́n júwe ibi tí iyọ̀ wà, bí màá ṣe pò ó, bí màá ṣe wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kí n má da omi tútù lé ẹja lórí, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tinú àpótí. Wọ́n ní kí n fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde. Omi iyọ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu, mo tu ú, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn àìsàn. Nọ́ọ̀sì kan wá fún wọn lóògùn, mo gbọ́ tí wọ́n ní kó dúró, pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn. Wọn kò gbé fóònù sílẹ̀ títí ẹja àkọ́kọ́ fi padà sísàlẹ̀. Ìkejì tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó kú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi, mo ń sunkún. Bàbá Jẹrá ní kí n nu ojú mi, pé ẹni tí omi rẹ̀ kò bàjẹ́ rí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu tó bá là nìkan ni mò ń bọ́, mo sì ń fa àṣẹ́kù jáde. Omi dúró ní mímọ́. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé egungun funfun tó wà láàárín ẹnu ti ń dín. Ẹran pupa ń rá padà bò ó díẹ̀díẹ̀, bí koríko ṣe ń bo ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Àwọn tó ti pa dé bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo wá ń fún wọn lóúnjẹ ní ìgbà tí iná ṣì wà, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Tí òórùn edé bá ti kàn wọ́n, wọn kò wo iná mọ́, wọ́n á là.

Yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé nígbà tí Bàbá Jẹrá fi ọ̀pá rìn wọlé. Wọn kò bọ́ kóòtù. Wọ́n fa àga síwájú àpótí, wọ́n jókòó. Mo pa ẹ̀rọ omi, mo da omi edé sí i. Kò pẹ́, gbogbo rẹ̀ là, òkúta kankan kò hàn mọ́. Ó dà bí ìdì òdòdó tí ẹnì kan gbé sínú omi. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n pe orúkọ ìyàwó wọn.

Wọ́n wá sọ fún mi pé òun ló máa ń fún ẹja lóúnjẹ nígbà ayé rẹ̀, nírọ̀lẹ́, tí iná àpótí bá ti kú, nítorí ìgbà náà ló máa ń ráyè. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ ló máa ń dà sí i. Ojoojúmọ́ ni àwọn ń bá a jà pé ó ń ba omi jẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn dín oúnjẹ kù, àwọn sì sọ ọ́ di àárọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ṣe rò pé ó tọ́. Wọ́n ní àwọn ti rò pé iyùn náà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi ní kí n sọ ọ́ nù, nítorí àwọn kò lè wò ó mọ́. Wọ́n ní òun ló ń bọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, bóyá òun pàápàá kò mọ̀. Wọ́n sunkún, Màmá, wọn kò bo ojú. Mo ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo jókòó tì wọ́n, n kò ní kí wọ́n má sunkún.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mò ń fi abẹ kékeré ha ìdọ̀tí kúrò lára gíláàsì nígbà tí mo rí àmì pupa wínníwínní, kò tó ọkà bàbà. Mo gbé abẹ sí i. Ọlọ́run ló ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìka ni mo rí, ìka tó kéré ju okùn aláǹtakùn lọ, wọ́n yọ jáde láti àárín rẹ̀. Mo pe Bàbá Jẹrá, wọ́n gbé awò tí wọ́n fi ń ka ìwé wá. Ó wà níbẹ̀, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, òmíràn lẹ́yìn ẹ̀rọ omi. Iyùn tí wọ́n ní kí n dà nù ti bímọ.

Àwọn tó ń sin ẹja òkun ní ìlú yìí máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan. Bàbá Jẹrá mú mi lọ. N kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé èmi ni màá sọ̀rọ̀. Mo dé gèlè tí ẹ rà fún mi ní Aiyetoro, mo dúró níwájú wọn, mo fi Faransé ọjà Kétu sọ gbogbo rẹ̀, láti orí iná dé orí ike tí mo gé. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn. Èyí tí n kò mọ̀, Madamu Họ́à tó jókòó níwájú bá mi dáhùn. Ìyá arúgbó kan wá ní kí ni a ń pè é ní èdè wa. Mo ní iyùn. Mo ní ní ilẹ̀ Yewa níbi tí mo ti wá, ohun tí a fi ń dá ìyàwó lọ́lá ni, ọba kì í sì í jókòó láìsí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ó ti mí rí. Ìyá náà gbìyànjú láti pè é, ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ní rárá, mo tún un pè. Ẹlòmíràn pè é. Kó tó pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn, àgbà àti èwe, ń pe iyùn, wọ́n ń wo ẹnu mi bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń wo ẹnu Alfa. Mo ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè títí tó fi yọ̀ lẹ́nu wọn.

Bàbá Jẹrá fi ọ̀pá ti ara wọn dìde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ibi tí olùtọ́jú yìí ti wá. Wọ́n pe Imasayi. Wọ́n pè é dáadáa, Màmá, torí wọ́n ti ń fi kọ́ ẹnu láti àárọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò tẹrí ba, n kò wo ilẹ̀. Mo dúró gbọnyin, gèlè mi lórí, ọmọ yín, mo jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ náà tán.

Màmá, ẹ lo owó tí mo fi ránṣẹ́ fún oògùn Bàbá, ẹ má fi kún owó ọjà o. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Oúnjẹ kò ní wọ́n nílé wa, ìlera kò ní fò yín ru. Ẹni tó ń jáde kò ní ṣìnà, ẹni tó wà nílé kò ní gbọ́ ìròyìn burúkú. Ẹ bá mi kí Àǹtí Ràfátù, mo fẹ́ràn wọn. Ẹ kí Alfa, ẹ kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò, ẹ kí àwọn oníbàárà yín tí wọ́n ń ti Kétu wá, ẹ ní Faransé wọn ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

Èmi ni Sìkírátù, ọmọ yín tó ń tọ́jú iyùn.